Ẹ Bi Mí Kí N Sọ: Otepää, ìlú kékeré tó wà láàárín òkè àti adágún

Nínú ìwé wa tó jáde kẹ́yìn, a gbé fọ́tò adágún kan sẹ́yìn ìwé, a wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé adágún mímọ́ kan ní Otepää nílẹ̀ Estonia ni, ó parí. Àṣé a ti fa wàhálà lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè ti ń ya wọlé, ti orí WhatsApp, ti inú lẹ́tà, kódà ẹnì kan dá mi dúró ní Ọlà-Ìyá pé ṣé orúkọ ìlú nìyẹn àbí orúkọ oògùn ibà. Mo ti ṣa àwọn tó ṣe kókó jọ. Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè bí ẹ ṣe máa rí físà, ẹ má bínú, òkè àti omi ni tèmi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Máàpù. Ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní Tartu, ó ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ lọ lo họlidé Kérésì ní Otepää yìí. Mo fi fóònù wo máàpù títí ojú fi ń ro mí, mi ò rí i. Ṣé inú igbó ni wọ́n ń gbé ọmọ mi lọ ni?" Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Fìà.

Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀, ìlú ni, ó kàn kéré ni. Àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju 2,000 lọ, tí wọ́n bá kó gbogbo wọn wá sí Ọjà Ọba lọ́jọ́ tí ọjà bá kún, ẹ ò ní mọ̀ pé àlejò dé. Estonia fúnra ẹ̀ náà ò ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ, nígbà tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa nìkan, ètò ìkànìyàn 2006 ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Torí náà, ibi tí àwa máa pè ní abúlé, ìlú ni lọ́dọ̀ tiwọn, òfin sì ti fún un ní ipò ìlú láti 1936.

Bí ẹ ṣe máa rí i rèé. Ẹ kọ́kọ́ wá Rọ́ṣíà, ìyẹn ò lè pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wá bọ́ sí etí ẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òkun Baltic wà. Orílẹ̀-èdè kékeré tí Finland wà lókè ẹ̀ lódìkejì òkun, tí Latvia wà nísàlẹ̀ ẹ̀, òun ni Estonia. Tallinn tó jẹ́ olú-ìlú wà lókè létí òkun. Láti ibẹ̀ dé Tartu tí ọmọ yín wà á tó nǹkan bí 185 kìlómítà, ẹ wá tún máa bọ̀ nísàlẹ̀ lápá gúúsù, ogójì kìlómítà àti díẹ̀ sí i, ẹ ti dé Otepää nìyẹn, ní ẹkùn Valga. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa wọ̀, bíi wákàtí kan ni. Rélùwéè ò gba inú ìlú yẹn kọjá, àwa tí òyìnbó amúnisìn ti fa rélùwéè dé Òṣogbo látayébáyé lè fìyẹn yangàn díẹ̀, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ.

Igbó tí ẹ bèèrè yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín, ó wà. Nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ Estonia ló jẹ́ igbó, igi páìnì lọ súà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀dà wọnú ẹ̀ dáadáa, àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló máa ń rọ́ lọ síbẹ̀ lọ gbafẹ́.

"Bọ̀dá, wọ́n ní Otepää ni olú-ìlú ìgbà òtútù fún gbogbo Estonia nítorí òkè tó wà níbẹ̀. Ṣé òkè yẹn ga tó Ìdànrè ni? Ta ló tiẹ̀ kó wọn síbẹ̀?" Ọmọ Ayétòrò.

Ìdànrè kẹ̀? Àbúrò, rọra. Èyí tó ga jù ní gbogbo agbègbè Otepää ni Kuutsemägi, 217 mítà ló fi ga ju òkun lọ. Èyí tí àlejò mọ̀ jù ni Väike Munamägi, 208 mítà nìyẹn. Kódà èyí tó ga jù ní gbogbo Estonia, Suur Munamägi, tó wà ní agbègbè Haanja tí kì í ṣe Otepää rárá, 318 mítà péré ni. Ó wá kan tiwa o. Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ Òṣogbo dó sí yìí, tí ẹnikẹ́ni ò pè ní òkè, tí Márúwá ń gbá lọ gbá bọ̀ lórí ẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òun náà ga ju òkun lọ tó nǹkan bí 300 mítà. Ìyẹn ni pé ẹni tó dúró síwájú ààfin Àtáọ́ja tó ń ra àkàrà, ibi tó dúró sí fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ibi tí ẹni tó gun òkè tó ga jù ní Estonia dúró sí. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí èyí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n má fi wọ́n ṣẹ̀sín, torí púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọn tó kù tẹ́ pẹrẹsẹ ni, irà sì pọ̀ ńbẹ̀, nítorí náà òkè kékeré á yọ gedegbe lójú. Ní Otepää, òkè yẹn kò dá dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ti Ìdànrè, wọ́n há mọ́ra ni, o gun èyí, o sọ̀ ọ́, adágún kékeré kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀, o tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun òmíràn, ọ̀nà ń yí kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ láàárín wọn, oko wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ilé kan ṣoṣo wà lórí ẹ̀.

Ta ló kó wọn síbẹ̀? Yìnyín ni. Má rẹ́rìn-ín. Láyé àtijọ́, yìnyín bo gbogbo apá àríwá Yúróòpù, ó nípọn ju kìlómítà kan lọ láwọn ibòmíì, kò sì dúró sójú kan, ó ń wọ́ bọ̀ láti apá Finland àti Sweden, ó ń ha ilẹ̀, ó ń gbé yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, amọ̀, títí kan àpáta ńlá ńlá, ó ń kó wọn bọ̀. Nígbà tí ayé wá ń móoru, ní nǹkan bí 14,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní apá Otepää, ó sì ju gbogbo ẹrù tó kó sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹrù yẹn ló di òkè. Èyí tó tún ya èmi lẹ́nu jù ni ti adágún: yìnyín ńlá kan á já kúrò lára àwọn yòókù, yanrìn á bò ó mọ́lẹ̀, tó bá wá yọ́ lábẹ́ ibẹ̀ tán, ilẹ̀ á jìn wọnú, omi á kún ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òkè àti adágún fi pọ̀ pọ̀ lójú kan náà. Bí o bá gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè kan níbẹ̀, kì í ṣe àpáta lo máa bá, yanrìn ni, pẹ̀lú òkúta róbótó róbótó tí omi ti fọ́ dán, amọ̀ á wà láàárín wọn. Àpáta tiwa nílẹ̀ Yorùbá yìí dàgbà jìnnà sí ìyẹn, iná inú ilẹ̀ ló dáná ẹ̀. Àgbàlagbà lòkè Ìdànrè, ọmọ àná lòkè Otepää.

"Alàgbà, mo ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ fọ́tò yẹn pé adágún mímọ́ ni. Ṣé wọ́n ń bọ ọ́ bí a ṣe ń bọ Ọ̀ṣun ni? Òyìnbó?" Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Mo ti ń retí ìbéèrè yìí, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ yẹn ló máa ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni kò yẹ kí ó yà lẹ́nu pé òyìnbó lè mọyì omi, ṣebí ìlú Òyìnbó náà ni Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ti wá láti ilẹ̀ Austria tó fi ọjọ́ ayé ẹ̀ tún ojúbọ Ọ̀ṣun ṣe títí tó fi kú ní 2009.

Pühajärv ni wọ́n ń pe adágún yẹn, adágún mímọ́ náà ni ìtumọ̀ ẹ̀, ó wà ní ẹ̀yìn ìlú Otepää lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti àárín ìlú bí kò bá ya ọ̀lẹ. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 290 hẹ́kítà. Igbó Ọ̀ṣun tiwa tí UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní 2005 jẹ́ 75 hẹ́kítà, ẹ fi ṣirò ara yín. Kò jìn, ibi tó jìn jù níbẹ̀ ò ju mítà mẹ́jọ àbọ̀ lọ. Etí ẹ̀ kò gún, ó ń wọnú ó ń jáde, ó kún fún kọ̀rọ̀, erékùṣù kéékèèké márùn-ún sì wà nínú ẹ̀. Odò kan tí wọ́n ń pè ní Väike Emajõgi ti inú ẹ̀ jáde, ó ṣàn lọ títí lọ dà sínú Võrtsjärv, adágún ńlá tó wà láàárín gúúsù Estonia.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa àwọn erékùṣù yẹn nìyí: ìyá kan ní ọmọkùnrin márùn-ún, gbogbo wọn bá ogun lọ. Ìyá sunkún títí omi ojú ẹ̀ fi di adágún, ibi tí wọ́n sin àwọn ọmọ náà sí ló wá di erékùṣù márààrún. Ẹ ò rí i, kò sí ìdí láti sọ fún ọmọ Yorùbá pé kí ó gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́, a mọ obìnrin tó di odò.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín ni ṣé wọ́n ń bọ ọ́. Láyé àtijọ́, kí ẹ̀sìn Kírísítì tó dé, àwọn ará Estonia ní igbó tí wọ́n yà sọ́tọ̀, hiis lorúkọ ẹ̀ lédè wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé igi ibẹ̀, wọ́n sì ń gbé nǹkan lọ sídìí igi, sídìí òkúta, sídìí ìsun omi. Àwọn jagunjagun Jámánì ló fi idà gbé ṣọ́ọ̀ṣì wọlé ní nǹkan bí 1200 sókè. Lónìí kò sí Arugbá ní Pühajärv o, kò sí Ìyá Ọ̀ṣun, kò sí oṣù ọdún tí gbogbo ayé máa rọ́ débẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rọ́ débí lóṣù kẹjọ. Àwọn èèyàn ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ nígbà ẹ̀rùn, wọ́n ń wa ọkọ̀ ojú omi, ó tán. Lálẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, gbogbo Estonia máa ń dá iná ńlá, wọ́n á jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́, ìlú Otepää náà kì í kẹ́yìn. Ní 1991, Dalai Lama, olórí ẹ̀sìn Búdà ti Tibet, wá síbẹ̀ ó sì súre fún adágún náà, wọ́n ṣe ohun ìrántí kan sí etí omi nítorí ẹ̀. Èmi ní tèmi, mo rí i pé ibi tí àwọn kan bá ti kà sí mímọ́ nígbà kan, ẹlẹ́sìn mìíràn tó bá dé á ṣì fi ẹsẹ̀ kan tẹ ibẹ̀.

Má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé igi. Igi óákù kan wà nítòsí adágún yìí, ó ti gbó débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́dọ̀ di ara wọn lọ́wọ́ mú kí wọ́n tó lè yí ìdí ẹ̀ ká. Igi Ogun ni wọ́n ń pè é, nítorí 1841, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ àfipáṣe lóko àwọn olówó Jámánì láwọn ò ṣe mọ́, tí wọ́n kó ọmọ ogun wá bá wọn. Ogun Pühajärve ni wọ́n ń pè é títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà àgbẹ̀ ni.

"Ẹ kú ìdúró ti wa. Tíṣà hísítìrì ni mí. Ìlú tó kéré tó báyìí, ṣé ó ní ìtàn gidi kankan?" Tíṣà, Òkè-Baálẹ̀.

Tíṣà, ó ní ju ohun tí ẹ rò lọ. Lẹ́bàá ìlú ni òkè kan wà tí orí ẹ̀ tẹ́, linnamägi ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni odi àwọn ará ìgbàanì wà. Ìwé ìtàn Novgorod, ìlú ńlá kan ní Rọ́ṣíà, dárúkọ ẹ̀ ní 1116, pé ọmọ ọba Novgorod wá gbà á. Orí béárì, ẹranko ńlá onírun nì, ni ìtumọ̀ orúkọ Otepää, òkè yẹn ni wọ́n ní ó jọ orí béárì, ìyẹn ni ẹ fi máa rí béárì lára ààmì ìlú. Ní 1224, bíṣọ́ọ̀bù Tartu gba ibẹ̀ ó sì kọ́ ilé olódi bíríkì sí i, ọ̀kan lára àwọn ilé bíríkì àkọ́kọ́ ní Estonia. Kò pẹ́ tó igba ọdún tó fi di àlàpà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lónìí, ògiri díẹ̀díẹ̀ tó kù ni ẹ máa rí, àti koríko, àti afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn awalẹ̀pìtàn tó gbẹ́ ibẹ̀ rí ìbọn ọwọ́ kékeré kan tó ti wà látìgbà tí ọ̀rúndún kẹrìnlá ń parí lọ, ọ̀kan lára àwọn ìbọn tó pẹ́ jù tí wọ́n tíì rí ní Yúróòpù. Ẹ fìyẹn dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lára yá.

Èyí tó tún wá ga jù ni ti àsíá. Àsíá Estonia lónìí, búlúù, dúdú, funfun, kì í ṣe ìjọba ló dá a sílẹ̀, àwọn ọmọ yunifásítì ni. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Estonia ní Tartu ló rán an fún ara wọn, nígbà tí Rọ́ṣíà ń ṣàkóso wọn tí àwọn Jámánì sì ni ilẹ̀, kò sì rọrùn láti gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde ní Tartu. Wọ́n wá gbé e lọ sí Otepää, sínú ilé pásítọ̀, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1884, wọ́n gbàdúrà sí i níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe Ọjọ́ Àsíá títí dòní, ilé pásítọ̀ náà sì ti di mùsíọ́ọ̀mù àsíá. Ṣọ́ọ̀ṣì Màríà tó wà lórí òkè kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n gbẹ́ àwòrán ìtàn yìí sára ògiri ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí Soviet, ìjọba tí Rọ́ṣíà jẹ́ olórí ẹ̀, gba ìlú, wọ́n fọ́ àwòrán yẹn dànù, nítorí àsíá yẹn ti di èèwọ̀ lábẹ́ wọn. 1989 ni wọ́n tó dá a padà. Àsíá àkọ́kọ́ gan-an ńkọ́? Wọ́n gbé e pamọ́ sí abà kan nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò jáde síta mọ́ títí di 1991 tí Estonia gba òmìnira padà, ó ti wà ní mùsíọ́ọ̀mù Tartu báyìí. Tí èèyàn bá wá wo bí ìlú yẹn ṣe kéré tó, tí ọ̀rọ̀ tó tóbi bẹ́ẹ̀ wá sọ̀ sí ilé pásítọ̀ kan.

Ọ̀kan nínú àwọn pásítọ̀ ibẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ni Jakob Hurt, ó wà ní Otepää láti 1872 sí 1880, òun ló wá pe gbogbo ọmọ Estonia lẹ́yìn náà pé kí wọ́n kọ orin àti ìtàn àwọn bàbá wọn sílẹ̀ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun. Wọ́n ṣe é lóòótọ́, ó pọ̀ lọ jáǹrẹrẹ. Ojú ẹ̀ ló wà lórí owó kroon mẹ́wàá wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná yúrò ní 2011.

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ó dà bíi pé èèyàn á kàn jókòó ni." Jíjẹ-Mímu, Ògo-Olúwa.

Wọ́n ń yọ̀ lórí sínóò, bọ̀dá. Wọ́n á de pátákó pẹlẹbẹ méjì mọ́ ẹsẹ̀, igi lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n á máa ṣí lọ. Pápá Tehvandi lẹ́bàá ìlú ni gbajúmọ̀ ibẹ̀, pẹ̀lú ilé gíga tí àwọn aláyà líle ti ń fò sínú òfuurufú. Eré ìje Tartu wọn, láti Otepää dé Elva, kìlómítà 63 ni wọ́n ń fi pátákó yẹn sá, tí sínóò ò bá wá tó lọ́dún náà, wọ́n á fagi lé e. Ní àárín ìlú, òpó onígi kan wà tí béárì wà lórí ẹ̀, wọ́n ní agbára kan ń ti inú ilẹ̀ jáde lábẹ́ ẹ̀, àwọn èèyàn á wá gbọ́wọ́ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ gbàgbọ́ kó gbàgbọ́. Oúnjẹ: ọ̀dùnkún, búrẹ́dì dúdú, ẹlẹ́dẹ̀. Àmàlà ò sí.

"Àsàláàmù alaykum. Ọmọ mi náà máa lọ sí Tartu lọ́dún tó ń bọ̀. Mo gbọ́ pé oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀, báwo ló ṣe máa gbààwẹ̀?" Ìyá Alájì, Ìgbọ̀nà.

Wa alaykum salaam, Ìyá wa. Oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀, àsọdùn ni wọ́n sọ fún yín, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Tartu àti Otepää wà lókè gan-an lórí ayé, ní nǹkan bí ìwọ̀n 58 sí àríwá, nígbà tí Òṣogbo ò tó 8, nítorí náà bí ayé ṣe dàgẹ̀rẹ̀ sí oòrùn ń hàn níbẹ̀ dáadáa. Lóṣù kẹfà, oòrùn á yọ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, kò ní wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ kọjá, ìyẹn lé ní wákàtí 18. Lóṣù Kejìlá, ó máa di aago mẹ́sàn-án kí ó tó yọ, aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ó ti lọ. Ààwẹ̀ ọdún díẹ̀ sí i yìí, ìgbà òtútù ni Ràmàdánì á máa bọ́ sí, ojúmọ́ kúrú, ó máa rọrùn fún un ju bó ṣe rọrùn fún ẹ̀yin ní Ìgbọ̀nà lọ. Tó bá wá yí padà bọ́ sí oṣù kẹfà lọ́jọ́ iwájú, ẹ bi Álífáà, mi ò ní bọ́ sórí iṣẹ́ wọn.

Ẹ sì sọ fún un pé kó má ra bàtà òtútù níbí kó tó lọ. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa ní ọjà, tí ó nípọn lójú, sínóò á wọnú ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Kó ra èyí tó ní irun nínú nígbà tó bá dé Tartu, kó sì rà á kí oṣù Kọkànlá tó wọlé.